Ṣóyéyín àti Ìbéèrè Tí Kì í Ṣe Ìbéèrè

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà ní Ṣóyéyín, ńṣe ni kí ẹ lọ jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ kí ó kọ́ yín ní ọkọ̀ wíwà. Àmọ́ ẹ ti pẹ́ jù, torí ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló fi kọ́ àwọn èèyàn nínú mọ́tò kékeré kan tó ní bíréèkì méjì, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, èkejì lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tó tan ọkọ̀, á ní, "Ṣé ó yé yín?" Kí wọ́n tó yí jíà, "Ṣé ó yé yín?" Bí wọ́n bá dé ìkóríta, kó tó sọ pé kí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì, "Ṣé ó yé yín?" á ti já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹni yòówù kó jókòó sídìí ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ tàbí ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, èsì kan náà ni gbogbo wọn ń fún un: "Ó yé mi, sà."

Irọ́ funfun báláú. Kì í yé wọn.

Akọ̀wé báǹkì kan wà tó dáhùn bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tó tiẹ̀ fi "ó yé mi dáadáa" lé e, tó wá tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀, ni mọ́tò bá gba ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ lọ. Ọlọ́run ló yọ wọ́n, kò sẹ́ni tó fara pa. Ilẹ̀kùn nìkan ló fọ́. Oníbàárà kan tí wọ́n ti fá ààbọ̀ orí rẹ̀ fò jáde sí títì pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn, kò sì padà wá fá ààbọ̀ tó kù títí di òní. Akọ̀wé báǹkì náà ṣì di sítíárìn mú gírígírí. Ó yíjú sí Ṣóyéyín, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo rò pé ó yé mi ni."

Ẹlòmíì tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á ti sin ìbéèrè náà sínú ilẹ̀ jíjìn. Ti ọkùnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù tó bà á lọ́jọ́ náà ló jẹ́ kó máa béèrè rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, títí ó fi di bárakú sí i lẹ́nu. Àwọn ọmọ àdúgbò ló kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ, àwọn àgbà sì gbà á lẹ́nu wọn. Ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ gan-an, bí ó bá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn oníbàárà, á ní, "Ẹ dúró ná, Ṣóyéyín ń bọ̀ wá wo ilẹ̀kùn yẹn fún yín."

Orúnkún ló lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ mọ́tò. Ẹni tó bá ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ bíréèkì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là láti àárọ̀ dalẹ́, orúnkún á sọ tẹnu rẹ̀ fún un níjọ́ kan. Dókítà wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní kó yan ọ̀kan nínú méjì, orúnkún tàbí bíréèkì. Ó yan orúnkún. Àmọ́ nígbà tó délé tó ronú sí i, ó rí i pé kì í ṣe mọ́tò lòun máa ṣàárò. Kíkọ́ni ni. Láti kékeré ló ti fẹ́ di tíṣà, kó máa wọ kíláàsì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, kí àwọn ọmọdé máa dìde kí i. Ṣùgbọ́n yunifásítì jìnnà nígbà náà, ìrìn odidi ọjọ́ kan ni, bó bá sì lọ, kò sẹ́ni tó máa gbé bùkátà ìyá rẹ̀. Ó gbé èrò náà jù sẹ́yìn, bí èèyàn ṣe ń gbé àga tó ṣẹ́ jù sẹ́yìn ilé, tó ń sọ pé ọjọ́ kan lòun á tún un ṣe.

Ọjọ́ náà dé. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò wọn, èyí tó wà lẹ́yìn ibi tí àwọn onítáyà ń pàtẹ sí, ṣàdédé ní pátákó kejì lẹ́nu géètì. Yunifásítì ọ̀nà jíjìn yẹn náà ló wá gbé orúkọ rẹ̀ kọ́ síbẹ̀. Àwọn méjèèjì ti fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti máa kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Ọdún méjì àkọ́kọ́, àwọn olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni yóò máa kọ́ni. Ọdún méjì tó tẹ̀ lé e, yunifásítì á máa rán àwọn olùkọ́ tirẹ̀ wá, inú kíláàsì kan náà, orí àga kan náà, dígírì yunifásítì sì ni wọ́n máa gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó máa kẹ́rù kúrò nílé. Ṣóyéyín ka pátákó náà tán, ó tún un kà. Onítáyà kan tí wọ́n jọ mọra ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí níbẹ̀ tó dùn tó báyìí?" Ó ti wọ géètì.

Báwọn èèyàn bá sì bi í léèrè pé kọ́lẹ́ẹ̀jì ló wà ni àbí yunifásítì, èsì ti wà nílẹ̀. "Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló tọ́ mi dàgbà," á ní, "yunifásítì ló wá fẹ́ mi."

Ìwé kò ni í lára. Ó ń kàwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ariwo ẹ̀rọ náà kì í sì í dí i lọ́wọ́, torí ẹni tó ti gbọ́ ariwo akọ̀wé báǹkì nínú mọ́tò, kí ló tún kù tó máa dí i lọ́wọ́? Gbogbo ìdánwò ló ń yege. Ó wá ku ìdánrawò ìkọ́ni ní ọdún tó kẹ́yìn, kó dúró níwájú àwọn ọmọ gidi kó kọ́ wọn ní ìṣirò, kí olùkọ́ láti yunifásítì jókòó sẹ́yìn kó máa wò ó. Ilé ìwé tó dojú kọ ilé wọn gan-an ni wọ́n rán an sí. Tíṣà kíláàsì kẹrin ibẹ̀ ń fẹ̀yìn tì, ọ̀gá ilé ìwé sì ti pe Ṣóyéyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bó bá ti mú dígírì wá kí sáà yìí tó parí, àga yẹn ti di tirẹ̀. Ẹ lè mọ bí inú rẹ̀ ṣe dùn tó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo fèrèsé kíláàsì náà láti iwájú ilé rẹ̀ bí ẹni ń wo ilẹ̀ tó fẹ́ rà.

Àfi olùkọ́ yunifásítì yẹn. Màmá Ẹ̀rí ni wọ́n ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó ẹni à ń pè ní màmá. Àbúrò Ṣóyéyín ló jẹ́ bó bá di ká ka ọjọ́ orí. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì wá pẹ̀lú báàgì dúdú kan àti fíláásì tíì rẹ̀. Ohunkóhun tí ẹ bá sọ níwájú rẹ̀, ìbéèrè ọ̀rọ̀ méjì ni yóò fi dá yín lóhùn: "Ẹ̀rí dà?" Ẹ ní àwọn ọmọ ń gbádùn ìwé kíkà. "Ẹ̀rí dà?" Ẹ ní òjò ń bọ̀. "Ẹ̀rí dà?" Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní bó bá jẹ́ pé òun lọkọ rẹ̀, òun á máa gba rìsíìtì bóun bá ti sọ fún un pé òun fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà àkọ́kọ́ tó wá wo Ṣóyéyín, ọ̀rọ̀ dùn bí oyin. Ó kọ́ wọn ní bí a ṣe ń ro ìdá pọ̀ mọ́ ìdá. Ó sọ̀rọ̀, ó kọ, ó nu, ó tún kọ. Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo kíláàsì á fi ohùn kan ṣoṣo gbé e, "Ó yé waaa!" Ara rẹ̀ wú. Bó ṣe parí, Màmá Ẹ̀rí dìde, ó kọ ìṣirò kékeré kan sójú pátákó, ó ní kí àwọn ọmọ ṣe é. Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọ̀kan ń wo òrùlé. Ọ̀kan kọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì fàlà sí i nídìí dáadáa. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó rí i ṣe.

Obìnrin náà pè é síta, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Mà, ẹ sáà gbọ́ bí wọ́n ṣe dáhùn," Ṣóyéyín ní. "Wọ́n ní ó yé wọn."

"Mo gbọ́. Bàbá, bí mo bá kí yín pé ẹ kú àárọ̀, kí lẹ máa sọ?"

"Ẹ kú àárọ̀, mà."

"Ká ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn burú fún yín ńkọ́? Ká ní ẹ ò sùn, tí eyín ń dùn yín?"

"Ẹ kú àárọ̀ náà ni, mà."

"Ẹ ti dá ara yín lóhùn. 'Ṣé ó yé yín' kì í ṣe ìbéèrè. Ìkíni ni. Ẹ kí wọn, wọ́n sì kí yín padà. Ọmọ tó bá gba ẹ̀kọ́ ilé, ṣé á jẹ́ kí àgbàlagbà kí òun kó má dáhùn ni?"

Ó fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ lobìnrin náà sọ, ẹ̀rín sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa òun alára nígbà tó sọ ọ́.

Kí ìgbà kejì tó dé, ó ti búra pé ọ̀rọ̀ náà kò ní jáde lẹ́nu òun. Kò sì jáde. "Ṣé ẹ gbọ́?" ló jáde. "Ṣé a jọ ń lọ?" jáde. "Ó wọlé, àbí kò wọlé?" jáde láìmọye ìgbà. Àwọn ọmọ sì ń dáhùn, "A gbọ́ọọ! A jọ ń lọọọ! Ó wọléee!" Màmá Ẹ̀rí tún kọ ìṣirò kékeré rẹ̀, kíláàsì tún pa lọ́lọ́.

"Bàbá," ó ní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ẹ lé ìyá jáde, ẹ wá kó gbogbo ọmọ rẹ̀ wọlé."

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù. Òfin tí yunifásítì àti kọ́lẹ́ẹ̀jì jọ ṣe ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, yunifásítì gan-an ni yóò ti lọ tún ọdún náà ṣe, lọ́hùn-ún, níbi ìrìn odidi ọjọ́ kan. Ṣóyéyín kò lè lọ. Orúnkún ò gbà, ilé ò gbà, àga kíláàsì kẹrin náà ò sì ní dúró dè é. Bó bá pàdánù èyí, kì í ṣe ọdún kan ló pàdánù. Àlá tó ti ń lá láti kékeré ló máa padà sẹ́yìn ilé, kò sì ní jáde mọ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á gan-an.

Ni ogun bá bẹ̀rẹ̀ nílé. Kó sọ fún oníbàárà pé ìyàwó òun ń bọ̀, "ṣé ó yé yín?" Kó sọ fún ẹni tó ṣi fóònù pè é pé kì í ṣe nọ́ńbà náà nìyí, "ṣé ó yé yín?" Bó bá ti sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ á pàtẹ́wọ́ gbà, kó lè mọ̀ pé ó tún ti sọ ọ́! Lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń gbàdúrà, ó di ojú pinpin, ó ní, "Ọlọ́run Ọba, gbà mí lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Jọ̀ọ́, gbà mí. Ṣé ó yé Ọ?" Ìyàwó rẹ̀ kò lè ṣe àmín. Ẹ̀rín gbé e ṣubú sórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́," obìnrin náà ní, ó ń nu omijé ẹ̀rín. "Ẹ mú ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa wọ̀ wá."

Ó mú un wá. Obìnrin náà wá bọ́tìnnì kóòtù ńlá kan jáde nínú agolo rẹ̀, ó rán an mọ́ inú etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà ní apá òsì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i.

"Bó bá ti ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ẹ fún bọ́tìnnì yìí mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ẹ fún un títí á fi padà."

"Bí kò bá padà ńkọ́?"

"Ẹ gbé e mì." Ó gé òwú náà pẹ̀lú eyín. "Ó tiẹ̀ ń yà mí lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀ ń kọ́ mi ní mọ́tò, mo ní ó yé mi, ẹ ò gbà. Ẹ ní irọ́ ni mò ń pa."

"Irọ́ lò ń pa lóòótọ́."

"Irọ́ ni mò ń pa. Ẹ wá bọ́ sídìí ọkọ̀, ẹ ní ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ ní kí n máa sọ ohun tí ẹ máa ṣe. Mo gbàgbé láti ní kí ẹ tú bíréèkì ọwọ́ sílẹ̀. Ẹ kàn ń tẹná, ọkọ̀ ń ké, èéfín bo gbogbo àdúgbò, ẹ sì ń wò mí. Ẹ ò sọ nǹkan kan." Ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò gbàgbé bíréèkì ọwọ́ mọ́ láyé mi."

"Ìyàwó mi lo jẹ́," Ṣóyéyín ní. "Mo lè pè ọ́ ní òpùrọ́. Àwọn yòókù, bí wọ́n bá ní ó yé wọn, ta ni mí?"

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin náà gé àwọn ọ̀já pupa kan fún un láti ara aṣọ tó kù nílẹ̀, odidi kan, ìdajì kan, àti ìdá kan nínú mẹ́ta, kó lè rí nǹkan fi han àwọn ọmọ.

Ọjọ́ pé. Màmá Ẹ̀rí jókòó sẹ́yìn lórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́ẹ̀ kan àgbọ̀n, fíláásì rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣóyéyín kọ ìṣirò sójú pátákó, ìdá kan nínú méjì, ká rò ó pọ̀ mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta. Ó na ọ̀já pupa, ó ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti máa ń jáde. Ó ń bọ̀. Ó ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó fún bọ́tìnnì mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ojú rẹ̀ pọ́n, ó sì gbé e mì. Àwọn ọmọ ń wò ó, wọ́n ń dúró. Ìgbà tí wọ́n dúró tí wọn ò gbọ́ nǹkan, àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n jọ gbé e fún un:

"Ó yé waaa!"

"Èmi ò béèrè o!" Ṣóyéyín pariwo, ó ń wo ẹ̀yìn kíláàsì. "Mà, mi ò béèrè! Ẹ ṣe ẹlẹ́rìí mi!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Màmá Ẹ̀rí kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mú ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, ó fẹ́ dìde lọ sídìí pátákó lọ kọ ìṣirò kékeré tó máa ń kọ, gbogbo wa sì mọ ohun tí ìṣirò yẹn máa ń dá sílẹ̀. Ṣóyéyín wo ojú àwọn ọmọ náà. Ojú akọ̀wé báǹkì ló rí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, gbogbo wọn di sítíárìn mú gírígírí, gbogbo wọn rò pé ó yé wọn. Lẹ́yìn náà ló rántí èéfín, àti ìyàwó rẹ̀ tó ń pariwo pé kí ló dé tí ọkọ̀ ò lọ.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀ sí i," ó ní.

Ó fa àga ọmọdé kan síwájú pátákó, ó jókòó sórí rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

"Ẹ gbọ́. Èmi kọ́ ni tíṣà mọ́. Èmi ni mọ́tò. Mọ́tò kì í ronú, ohun tí awakọ̀ bá ní kó ṣe nìkan ló ń ṣe. Ìṣirò yẹn lẹ máa wà mí dé. Ó yá, ẹ wà mí."

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọkùnrin kan tó sanra díẹ̀, tó máa ń jókòó níwájú, ló kọ́kọ́ nawọ́. "Ẹ kọ ọ́, sà!"

Mọ́tò dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ "ọ́" gàdàgbà sójú pátákó, ó padà jókòó.

Ariwo ẹ̀rín tó sọ níbẹ̀, kíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn gbọ́ ọ. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, sà! Ìṣirò ni kí ẹ kọ!" "Ìṣirò wo?" "Èyí tó wà lókè yẹn!" "Kí n kọ gbogbo rẹ̀ àbí kí n kọ díẹ̀?" Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń na ọwọ́, kò sẹ́ni tó ń wo òrùlé mọ́.

"Sà," ọmọkùnrin náà ní, ó ti dúró bí ọ̀gá, "ẹ ro òkè mọ́ òkè, ẹ ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín wí?"

"Bẹ́ẹ̀ niii!"

Ó ro òkè mọ́ òkè, ó di méjì. Ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, ó di márùn-ún. Ìdá méjì nínú márùn-ún. Bó ṣe kọ ọ́ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pátákó. "Gbàà! Ẹ ti wà mí wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ọkùnrin kan ti sá jáde, ààbọ̀ orí ni wọ́n fá fún un. Ibo la ti ṣìnà?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n rò ó, wọ́n jiyàn. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jẹ ìdí bírò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé dìde láìnawọ́, ó wá mú odidi ọ̀já pupa, ó ká a sí márùn-ún, ó tú u, ó wá gbé ìdajì lé e lórí. Ó wò ó pẹ́.

"Sà, ìdá méjì nínú márùn-ún ò tó ìdajì. Ìdajì la ní tẹ́lẹ̀. A tún fi nǹkan kún un, ó wá kéré sí i!"

"Áà!" Ọmọkùnrin tó sanra gbá orí ara rẹ̀ mú. "Ẹ fi rìfáàsì sí i, sà! Ẹ padà sẹ́yìn!"

Mọ́tò fi ẹ̀yìn rìn, ó ń ké pipí-pipí bí ọkọ̀ akẹ́rù, ó nu ìdá méjì nínú márùn-ún kúrò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹnì kan ní kí wọ́n gé ọ̀já méjèèjì sí ìwọ̀n kan náà. Ẹnì kan ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀já kọ̀. Ọmọbìnrin ìdí fèrèsé ní mẹ́fà, ọ̀já gbà. Ìdajì di mẹ́ta nínú mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́ta di méjì nínú mẹ́fà. "Ẹ ro òkè nìkan, sà! Ìsàlẹ̀ ti dọ́gba, ẹ fi í sílẹ̀!" Ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà. Wọ́n ká odidi ọ̀já sí mẹ́fà, wọ́n gbé ìdajì àti ìdá kan nínú mẹ́ta lé e, ó bá ìdá márùn-ún mu wẹ́kú, kíláàsì sì hó yèè bí ẹni pé ọkọ̀ gbé wọn délé ní tòótọ́.

Ayọ̀ gba ọkùnrin náà lọ́kàn. Ó ju apá méjèèjì sókè. Òwú já, bọ́tìnnì fò jáde nínú ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, ó yí gbirigbiri láàárín àga, ó lọ dúró síbi bàtà Màmá Ẹ̀rí. Kí ọwọ́ tó padà bọ̀ sílẹ̀, ẹnu ti ṣí.

"Ṣé ó yé yín?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Ó dúró, kí àwọn ọmọ náà kí i padà pẹ̀lú ohùn kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ kúkú tán.

Kò sí ohùn kan ṣoṣo.

"Ó yé mi," ọmọbìnrin ìdí fèrèsé ní.

"Ó yé mi díẹ̀," ni ẹlòmíì wí.

"Èmi mọ ti òkè, ìsàlẹ̀ ló rú mi lójú."

"Kò yé mi, sà." Ọmọkùnrin tó sanra ni. Ó wí i kedere, kò sì tijú. "Mi ò mọ ibi tí mẹ́fà yẹn ti wá."

"Èmi náà!" ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn.

Ṣóyéyín wò wọ́n. Ní gbogbo ọdún tó fi béèrè ọ̀rọ̀ náà, nínú mọ́tò àti níta mọ́tò, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn rí àfi lónìí. Omi gba ojú rẹ̀, kò sì mọ ohun tó máa ṣe sí i níwájú àwọn ọmọdé, ó bá kọjú sí pátákó, ó ń nu ibi tí kò sí nǹkan kan.

Aago ìsinmi lù. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Màmá Ẹ̀rí ti di báàgì rẹ̀.

"Ẹ tún sọ ọ́, bàbá."

"Mo sọ ọ́, mà." Kò wá àwáwí.

"Àtijọ́ wọ́n ń kí yín padà. Lónìí, wọ́n dáhùn. Àwọn ọmọ yẹn ti kọ́ nǹkan kan."

Ẹ̀rù ń bà á, àmọ́ ẹnu ò gbọ́ràn, ẹ sáà ti mọ̀ ọ́n. "Ẹ̀rí dà, mà?"

Obìnrin náà wò ó. Ètè rẹ̀ kan gbé díẹ̀. "Ọmọ tó ní kò yé òun ni ẹ̀rí. Ẹ má jẹ́ kó gbé mẹ́fà yẹn lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá a."

Ó lọ bá a. Òun àti ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ọ̀já pupa, wọ́n ká a, wọ́n tú u, wọ́n tún un ká, títí ọmọ náà fi ní, "Ẹ̀ẹ́n!" lójijì, tó sì sáré lọ ṣeré. Ìgbà náà ni Ṣóyéyín rántí pé òun ò béèrè bóyá òun yege. Ó jáde, ó ń sáré tiro-tiro pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, ó bá bọ́ọ̀sì tó fẹ́ gbéra. Màmá Ẹ̀rí na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó ju bọ́tìnnì sí i lọ́wọ́.

"Ẹ yege, bàbá. Ẹ sọ fún ẹni tó rán an pé òwú rẹ̀ ò lágbára."

Bọ́ọ̀sì lọ. Ó dúró sójú títì pẹ̀lú bọ́tìnnì lọ́wọ́.

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tó wọlé. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ náà, aṣọ oníbàárà dúró sójú abẹ́rẹ́. Ṣóyéyín gbé bọ́tìnnì sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún un. Ó ro bí àwọn ọmọ ṣe dáhùn ìbéèrè tí kò béèrè, ó ro mọ́tò àti "ọ́" gàdàgbà, ó ro onígbàjámọ̀ àti rìfáàsì, ó ro bí bọ́tìnnì ṣe fò. Ó rò ó dé ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì. Obìnrin náà kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń gbọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ oníbàárà nù ún, kò tiẹ̀ mọ̀.

"Ó parí náà nìyẹn," ọkùnrin náà ní. "Mo ti di tíṣà. Ṣé ó yé ọ?"

Ìyàwó rẹ̀ kò pàtẹ́wọ́. Ó fẹsẹ̀ fa àpótí ìjókòó kan sún mọ́ ara rẹ̀ fún un.

"Kò yé mi," ó ní. "Ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀."